Pípàgọ́ lẹ́bàá odò Columbia: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá, àti ìdáhùn wa

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ti di ẹrù sínú ọkọ̀ ní Seattle, tí a lọ pàgọ́ lẹ́bàá odò Columbia, odò ńlá tó pààlà sáàárín ìpínlẹ̀ Oregon àti Washington ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní ìgbà kejì, ìyá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta bá wa lọ. Láti ìgbà tí a ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹbí àti àwọn ará ìjọ ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti lo ogún ọdún nílẹ̀ yìí láìsùn lẹ́bàá omi rẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Níbo gan-an lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Odò Columbia ṣẹ̀ láti Kánádà, ó sì rin nǹkan bí 1,243 máìlì kó tó wọ òkun Pàsífíìkì nítòsí ìlú Astoria. Kò sí odò mìíràn ní Àríwá Amẹ́ríkà tó ń da omi tó bẹ́ẹ̀ sínú òkun yẹn. Ibi tí àwa máa ń lọ ni ibi tí odò náà ti la àwọn òkè Cascade já. Àfonífojì ni, ó gùn tó 80 máìlì, ògiri òkúta rẹ̀ sì ga tó 4,000 ẹsẹ̀ bàtà níbòmíràn. Gorge ni gbogbo èèyàn ń pè é níbẹ̀, èmi náà yóò máa pè é bẹ́ẹ̀. Ní 1986 ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin láti dáàbò bò ó, ìdí nìyẹn tí ilé olówó kò fi bo gbogbo etí odò náà.

Òpópónà I-84 wà ní apá Oregon, ọ̀nà 14 wà ní apá Washington, odò wà láàárín wọn. A máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, a ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì bọ̀, lẹ́yìn náà a ó tẹ̀lé omi dé òkun.

Ọjọ́ mélòó ló yẹ ká yà sọ́tọ̀?

Mẹ́fà. Ẹ fi Portland ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Multnomah Falls tó nǹkan bí 30 máìlì, ó tó 60 dé Hood River, ó tó 100 dé Maryhill ní ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn láti Portland, Astoria náà tó nǹkan bí 100. Kò jìnnà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ sáré lè wa gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n títì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa rí, kò ní rí odò. Àwa máa ń sun òru méjì níbi tí igbó ti ṣú dùdù ní ìwọ̀-oòrùn Gorge, òru méjì níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ ní ìlà-oòrùn, àti òru kan létí òkun.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹsàn-án. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ojú ọjọ́ méjì ló wà nínú Gorge. Ìlú Cascade Locks ń gba òjò tó lé ní 70 ínǹṣì lọ́dún. The Dalles, tí kò ju nǹkan bí 40 máìlì sí i, kì í rí tó 20. Àwọn òkè ló dá òjò dúró. Ẹ lè kúrò nínú igbó tí ewédò bo òkúta rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì wà lórí pápá gbígbẹ tó mú ojú ríran jìnnà kó tó di ọ̀sán. Ẹ di aṣọ òjò àti fìlà oòrùn papọ̀.

Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Karùn-ún, òdòdó yẹ́lò kan tí wọ́n ń pè ní balsamroot máa ń bo òkè Rowena Crest, àti òdòdó aláwọ̀ àlùkò láàárín rẹ̀. Ìyá mi jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, kò sọ̀rọ̀. Oṣù Keje àti Kẹjọ gbóná, èrò pọ̀, iná igbó sì lè dé nígbàkigbà.

Ṣé ó di dandan ká ní ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí?

Kò di dandan. Jíìpù wa lásán la fi ń lọ, pẹ̀lú àgọ́ aṣọ. Bí ẹ bá tiẹ̀ yá ọkọ̀ ilé, ẹ fi í sílẹ̀ ní ibùdó nígbà tí ẹ bá fẹ́ gun ọ̀nà àtijọ́, torí ọ̀nà yẹn há, ó sì kọ́lọkọ̀lọ.

Ọ̀nà àtijọ́ wo nìyẹn? Kí ló dé tí a ò kàn gba I-84?

Ọ̀nà tí onímọ̀ ẹ̀rọ Samuel Lancaster là láàárín 1913 sí 1922 ni. Ẹ̀wà ilẹ̀ ló fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀: ibikíbi tí ojú ti lè rí nǹkan àràmàǹdà, ibẹ̀ ló darí ọ̀nà sí. Ògiri etí ọ̀nà jẹ́ òkúta tí wọ́n fi ọwọ́ tò. Lórí àpáta kan tó ga tó 733 ẹsẹ̀ bàtà lókè odò ni wọ́n kọ́ Vista House sí, tí wọ́n ṣí ní 1918, kí arìnrìn-àjò lè ní ibi ìsinmi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fẹ́ràn èrò yẹn. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ tó lọ síbòmíràn, nítorí láti orí rẹ̀ lẹ ó ti rí bí odò ṣe la òkè já.

Multnomah Falls ńkọ́? Ṣé a nílò tíkẹ́ẹ̀tì?

Omi yẹn ń já bọ́ láti gíga 620 ẹsẹ̀ bàtà, ní ìpele méjì, afárá kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní 1914 sì wà láàárín ìpele méjèèjì. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá fẹ́ gúnlẹ̀ sí ibùdókọ̀ tó wà lórí I-84 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ oní-wákàtí ṣáájú, lórí Recreation.gov. Ẹ wo òfin ọdún náà kí ẹ tó gbéra. Àwa máa ń débẹ̀ ní kùtùkùtù kí èrò tó dé. Àwọn omi kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà àtijọ́, Latourell àti Horsetail pàápàá, lẹ́wà tó o, wọn kò sì ní wàhálà kankan.

Kí ló dé tí omi fi pọ̀ tó báyìí tó ń já láti orí òkè?

Ọmọ mi ọkùnrin ló bi mí ní ìbéèrè yìí, mo sì lọ wádìí rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 17 ọdún sẹ́yìn, iná abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú ilẹ̀ tó sán ní ìlà-oòrùn, ó ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì dì di òkúta dúdú tí ẹ ń rí nínú ògiri Gorge lónìí, ìpele lórí ìpele. Nígbà tó yá, ní ìgbà yìnyín, yìnyín ńlá kan dí odò pa ní Idaho, omi sì kóra jọ lẹ́yìn rẹ̀ di adágún ńlá ní ilẹ̀ Montana. Yìnyín náà já, omi tú. Ó tún dí, ó tún já, lọ́pọ̀ ìgbà, ní nǹkan bí 18,000 sí 15,000 ọdún sẹ́yìn. Gbogbo omi yẹn ló gba inú Gorge kọjá lọ sókun, ó sì gé ẹsẹ̀ òkè dànù. Àwọn odò kéékèèké tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ara wọn létí ọ̀gbun lójijì. Ìdí tí wọ́n fi ń já bọ́ títí dòní nìyẹn.

Níbo la ó sùn?

Àwọn ọgbà ìtura ìjọba ìpínlẹ̀ ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti lò: wọ́n mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ní omi gbígbóná fún ìwẹ̀, owó wọn kò sì ga. Ní apá Oregon, Ainsworth wà nítòsí Multnomah Falls, Viento wà nítòsí Hood River, Memaloose sì wà lẹ́yìn Mosier. Ibùdó Deschutes wà níbi tí odò Deschutes ti wọnú Columbia, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò Oregon Trail, ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣí lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn ń gbà láyé àtijọ́, ti máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn la omi kọjá. Ní apá Washington, Beacon Rock, Columbia Hills àti Maryhill ni. Létí òkun, Cape Disappointment tàbí Fort Stevens.

Ẹ tètè gba àyè. Oregon máa ń ṣí ìwé sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, Washington ní oṣù mẹ́sàn-án. Òru ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé máa ń kún kíákíá. Ẹni tó bá lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ máa rí ibi tó wù ú.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa nígbà àkọ́kọ́: rélùwéè ń gba etí odò kọjá ní ìhà méjèèjì, ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n, wọ́n gùn, wọ́n sì ń fọn fèrè lóru. Ibùdó tó jìnnà sí ojú irin kò wọ́pọ̀ nínú Gorge. Ẹ ra ohun ìdí etí fún gbogbo ará ilé. Ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, ló nìkan gbádùn rẹ̀. Á dìde jókòó, á máa ka kẹ̀kẹ́ rélùwéè náà títí oorun á fi gbé e lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé atẹ́gùn ibẹ̀ le?

Òótọ́ ni. Gorge ni ihò ńlá tó la àwọn òkè náà já, nítorí náà bí apá kan bá tutù tí apá kejì gbóná, ibẹ̀ ni gbogbo atẹ́gùn máa ń gbà. Òun ló sọ Hood River di ìlú àwọn tó ń fi aṣọ ìgbòkun sáré lórí omi. Nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ, a pàgọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tó rọ̀ wọ̀ọ̀, a fi èèkàn mẹ́rin péré kàn án mọ́lẹ̀, a jáde lọ wá oúnjẹ. Nígbà tí a padà dé, àgọ́ ti lọ fara ti igi ní ojúlé kẹta, ọ̀pá rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Àwọn tọkọtaya àgbàlagbà kan ti fi okùn so ó mọ́ igi fún wa. Láti ọjọ́ náà, a máa ń gbé èèkàn irin gígùn, òòlù àti okùn àfikún, a ó sì gbé ẹrù wíwúwo sí igun àgọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí a tó kúrò níbẹ̀.

Kí la máa jẹ?

Ohun tí ẹ ń jẹ nílé. Mo máa ń se ọbẹ̀ ata dídín kí a tó kúrò nílé, mo máa ń dì í sínú ike kéékèèké, a ó gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Gaàrí, ẹ̀wà tí a ti sè, ẹyin, iṣu tí a ti gé, àti sítóòfù onígáàsì kékeré. Ẹ má gbé igi ìdáná láti ọ̀nà jíjìn; kòkòrò tí ń pa igbó máa ń bá igi rìn, ẹ rà á níbùdó. Lálẹ́, ẹ kó gbogbo oúnjẹ padà sínú ọkọ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí béárì dúdú wà nínú igbó wọ̀nyí, àwọn ẹranko kéékèèké tí ń jí oúnjẹ sì pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ ra ẹja. Ní Cascade Locks, lábẹ́ afárá tí wọ́n ń pè ní Bridge of the Gods, àwọn apẹja ọmọ onílẹ̀ máa ń ta ẹja sámọ́nì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lódò. Ẹ mú owó lọ́wọ́ àti yìnyín sínú kúlà. Kì í ṣe ojúrere ìjọba ni wọ́n fi ń pẹja níbẹ̀. Nínú àdéhùn 1855, nígbà tí àwọn ẹ̀yà Yakama, Umatilla, Warm Springs àti Nez Perce fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n di ẹ̀tọ́ ẹja mú, pé àwọn yóò máa pẹja níbi tí àwọn ti ń pa á látayébáyé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ mi kí a tó gbé ẹja náà kaná. Ìyá mi fi ata rodo, àlùbọ́sà àti efinrin gbígbẹ tó gbé láti ilé sè é, a sì fi jẹ ẹ̀bà létí odò.

Ẹ sọ pé ohun kan wà lábẹ́ omi nítòsí The Dalles. Kí ni?

Celilo. Bí mo bá máa ní kí ẹ ka ìdáhùn kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, òun ni.

Ní ìwọ̀n máìlì 12 sí ìlà-oòrùn The Dalles, odò Columbia máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ sáàárín àpáta, á sì máa já bọ́ pẹ̀lú ariwo. Sámọ́nì tó ń padà sókè láti òkun gbọ́dọ̀ fò gba ibẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń kan pèpéle igi mọ́ ara àpáta, wọ́n so okùn mọ́ra wọn, wọ́n sì ń fi àwọ̀n tó ní ọ̀pá gígùn gbọ́n ẹja látinú ìfófòó omi. Ó ju 10,000 ọdún lọ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjà ńlá sì ni: àwọn èèyàn ń wá láti etíkun àti láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà láti fi awọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti òkúta ọ̀bẹ ṣe pàṣípààrọ̀ ẹja gbígbẹ. Ọjà tó ti ń ná kí a tó kọ́ pírámíìdì Íjíbítì.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 1957, wọ́n ti ilẹ̀kùn dáàmù The Dalles. Láàárín wákàtí díẹ̀, omi bo àpáta náà, ariwo sì dákẹ́. Àwọn arúgbó dúró sórí òkè, wọ́n ń wò ó. Àwọn tó mọ ìtàn Bussa àtijọ́, tí omi dáàmù Kainji bò ní 1968, á mọ irú ohun tí mo ń sọ.

Ẹ yà sí Celilo Park, lórí I-84. Ẹ ò ní rí nǹkan kan: omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀nà ni. Abúlé Celilo ṣì wà ní ìdojúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún sámọ́nì àkọ́kọ́ ní ìgbà ìrúwé. Ilé àwọn èèyàn ni, ẹ má wọ ibẹ̀ láti lọ ya fọ́tò.

Àwòrán ara òkúta ńkọ́? Ṣé a lè rí i?

Ẹ lè rí i. Ní Columbia Hills, àwòrán ojú ńlá kan wà lára òkúta, Tsagaglalal ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Obìnrin-tí-ń-ṣọ́-wa. Ìtàn wọn sọ pé olórí ìlú ni obìnrin náà. Ọ̀gbẹ́ni Coyote, ajá igbó inú ìtàn wọn, tó gbọ́n tó sì lágbára, ló sọ ọ́ di òkúta kó lè máa ṣọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ títí láé. Pẹ̀lú amọ̀nà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn débẹ̀, nítorí àwọn kan ti ba àwòrán mìíràn jẹ́ rí, nítorí náà ẹ gba àyè ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ lè rìn fúnra yín lójú ọ̀nà Temani Pesh-wa nínú ọgbà kan náà. Àwọn òkúta tó wà níbẹ̀ ni wọ́n gé kúrò kí omi dáàmù tó bo ibi tí wọ́n wà, wọ́n wà nípamọ́ lára dáàmù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2004 ni wọ́n tó gbé wọn wá síbí. Ẹ má fọwọ́ kan wọ́n.

Ṣé àwa èèyàn dúdú lè lọ síbẹ̀ láìfòyà?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sì máa ń bi mí. Lọ́pọ̀ ibùdó tí a sùn, àwa nìkan ni èèyàn dúdú. Wọ́n wò wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kí wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnikẹ́ni kò dá wa dúró. A máa ń dé ibùdó kí ilẹ̀ tó ṣú, a máa ń kí àwọn tó pàgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kí a tó kan èèkàn, a sì máa ń sọ ibi tí a wà fún ẹnì kan nílé. Mi ò ní sọ pé ẹ̀rù yín kò ní ìdí, nítorí ilẹ̀ yìí ní ìtàn.

Ní 1844, ìjọba tó wà ní Oregon nígbà náà ṣòfin pé kí èèyàn dúdú má gbé ibẹ̀. Nígbà tí Oregon di ìpínlẹ̀ ní 1859, ìwé òfin rẹ̀ tún sọ bẹ́ẹ̀, 1926 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ní 1844 yẹn kan náà ni George Bush, ọkùnrin dúdú tó lówó lọ́wọ́, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti Missouri wá, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ funfun. Nígbà tí wọ́n gbọ́ òfin náà, gbogbo wọn yàn láti kọjá sí àríwá odò Columbia, níbi tí òfin náà kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n tẹ̀dó sí Tumwater ní 1845. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wakọ̀ láti Oregon gba afárá kọjá sí Washington ni mo máa ń rántí ìdílé yẹn.

Ẹ tún gbọ́ nípa York. Nígbà tí Ààrẹ Jefferson rán Meriwether Lewis àti William Clark láti wá ọ̀nà dé òkun Pàsífíìkì, York tó jẹ́ ẹrú Clark bá wọn lọ. Ó tukọ̀, ó dẹ ẹran, ó tọ́jú aláìsàn, ó sọ̀kalẹ̀ nínú odò yìí gan-an ní oṣù Kẹwàá 1805. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, létí ẹnu odò, àwọn olórí bi ẹgbẹ́ náà léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ lo ìgbà òtútù sí. Wọ́n kọ ohun tí York sọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n bi Sacagawea, obìnrin Shoshone tó wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn ọkùnrin yòókù gba owó àti ilẹ̀. York kò gba nǹkan kan. Ó bẹ Clark pé kó dá òun sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ kí òun wà nítòsí ìyàwó òun ní Kentucky, Clark kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ wà lójú ọ̀nà 101 ní apá Washington, Station Camp ni wọ́n ń pè é. Ẹ dúró níbẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀ sókè níbẹ̀, àwọn ọmọ mi náà pè é.

Ìtàn kẹta wà ní Portland fúnra rẹ̀. Vanport ni orúkọ ìlú náà. Wọ́n kọ́ ọ kíákíá lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ti gbà kí èèyàn dúdú gbé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1948, odò Columbia kún, ògiri erùpẹ̀ tó dáàbò bo ìlú náà ya, Vanport sì parẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èèyàn 15 kú, ó lé ní 18,000 tí kò nílé mọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn sì jẹ́ èèyàn dúdú. Pápá ìṣeré àti ibi ìfọkọ̀sáré ló wà níbẹ̀ báyìí, ní Delta Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ I-5. Ọ̀pọ̀ wa ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀.

Ṣé a lè dáná níbùdó?

Bí wọ́n bá gbà á láyè lọ́jọ́ náà. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sábà máa ń fòfin dè é, sítóòfù gáàsì nìkan ni wọ́n máa ń fàyè gbà. Ẹ má ṣe rò pé àsọdùn ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2017, ọmọdékùnrin ọdún 15 kan ju bísíńgà sínú àfonífojì Eagle Creek. Iná náà jó igbó tó lé ní 48,000 éékà, ó fò kọjá odò sí apá Washington, ó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn arìnrìn-ẹsẹ̀ tó lé ní 100 tí wọ́n sùn sínú igbó mọ́jú. Ẹ ó rí igi tó jóná lórí òkè títí dòní. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ tún da omi sí i, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó kí ẹ tó lọ sùn.

Ejò àti kòkòrò ńkọ́?

Ní ìlà-oòrùn, ejò olóró kan wà tó máa ń mi ìrù rẹ̀ bí ṣaworo. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró, kí ẹ sì fà sẹ́yìn. Ẹ wọ bàtà tó bo kókósẹ̀. Ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò fún eégbọn lálẹ́. Ewé kan sì wà, poison oak, tó máa ń hù ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí ẹ̀ka, yíyún rẹ̀ ju ti èsìsì lọ, ó sì máa ń pẹ́ lára.

Mo fẹ́ mú ìyá mi àgbà àti àwọn ọmọ kéékèèké lọ. Kí ni wọn yóò lè ṣe?

Ẹ gbé wọn lọ sí dáàmù Bonneville, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt ṣí ní 1937. Nínú ilé kan níbẹ̀, ojú fèrèsé gíláàsì wà lábẹ́ omi, ẹ ó sì máa wo sámọ́nì bí wọ́n ṣe ń gun àkàsọ̀ tí wọ́n ṣe fún wọn, tí wọ́n ń forí sọ omi. Òṣìṣẹ́ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka ẹja tó bá kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja, sturgeon kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Herman, ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Ìyá mi kò fẹ́ kúrò lójú fèrèsé. Ẹja kan ń bì sẹ́yìn, ó tún ń wá, ó tó ìgbà márùn-ún, nígbà tó kọjá, Màmá ṣàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sí àtẹ̀gùn púpọ̀, ìjókòó wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé Stonehenge, àwọn òkúta ńlá àtijọ́ tí wọ́n tò yípo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀?

Àwòkọ rẹ̀ ni, kọnkéré ni wọ́n fi mọ ọ́, lórí òkè kan ní Maryhill. Sam Hill, oníṣòwò tó jà kí wọ́n lè la ọ̀nà àtijọ́ tí mo sọ lókè, ló kọ́ ọ fún àwọn ọmọ àdúgbò náà tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. 1929 ló parí. Orúkọ wọn wà lára òpó. Ẹ lọ nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí a bá dé òkun ńkọ́?

Ẹ sùn ní Cape Disappointment, ní apá Washington, kí ẹ sì gba afárá Astoria kọjá láàárọ̀. Ó gùn ju máìlì mẹ́rin lọ, ojú ò rí òdìkejì rẹ̀ bí ìkùukùu bá wà. Ní Fort Clatsop, ẹ ó rí àwòkọ ilé igi tí ẹgbẹ́ Lewis àti Clark lo ìgbà òtútù sí. Ọjọ́ 106 ni wọ́n lò níbẹ̀, 12 péré ni òjò kò rọ̀. Ní Fort Stevens, egungun irin ọkọ̀ Peter Iredale tó forí sọ ilẹ̀ ní 1906 ṣì wà nínú iyanrìn, àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn án bí omi bá fà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kẹ̀yìn sí òkun. Ìgbì ibẹ̀ kì í kéde.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, epo àti owó?

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára ní ìlú, ó ń já láàárín ìlú méjì ní apá Washington, nítorí náà ẹ gba máàpù sórí fóònù ṣáájú. Ní Oregon, láti 2023 ni òfin ti gbà kí èèyàn máa fúnra rẹ̀ bu epo níbi gbogbo. Òṣìṣẹ́ ṣì wà tí yóò bu ú fún yín. Oregon kò ní owó orí ọjà, ibẹ̀ la ti máa ń ra ohun ìpàgọ́. Wọ́n ń gba owó lórí Bridge of the Gods àti afárá Hood River.

Bí ọjọ́ kan ṣoṣo la ní ńkọ́?

Ẹ kúrò ní Portland ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ gba ọ̀nà àtijọ́ dé Vista House, ẹ wo Multnomah kí èrò tó dé, ẹ lo wákàtí kan níwájú fèrèsé ẹja ní Bonneville, kí ẹ sì ra ẹja jẹ ní Cascade Locks. Ẹ má dúró ní Hood River. Ẹ wakọ̀ tààrà dé Celilo Park kí oòrùn tó wọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jókòó sójú koríko kí ẹ kọjú sí omi, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ bí ariwo ibẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó.